Bí Mo Ṣe Ki Ọmọ Mi ní Second Down

Nígbà tí ọmọ mi fi pé ọmọ ogún ọdún, ọ̀rọ̀ ti tán láàrin àwa méjèèjì. Kì í ṣe pé a jà. Ìbá sàn kó jẹ́ ìjà, nítorí ẹni tó ń bá èèyàn jà ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Màá bi í pé báwo ni school, á ní "Good." Màá ní ṣé o ti jẹun, á ní "Yeah, I ate." Màá fi Yorùbá bi í ní ìbéèrè tó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn, á fi English ẹyọ kan dá mi lóhùn, á wọ yàrá rẹ̀, á sì rọra ti ilẹ̀kùn. Rírọra yẹn ló máa ń bí mi nínú jù. Ọmọ tó bá gbá ilẹ̀kùn gbàgà, èèyàn rí nǹkan bá a wí lé lórí.

Àwa méjì péré la wà nínú basement tí a rẹ́ǹtì ní Penbrooke Meadows. Bàbá rẹ̀ bá wa dé Calgary, ó rí snow ní ọdún méjì, ó ní òun ò lè fi ọjọ́ alẹ́ òun máa yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, ó bá padà sí Ìbàdàn. Èmi dúró. Nọ́ọ̀sì ni mí, shift lórí shift ni mò ń ṣe, nígbà tí mo sì máa gbójú sókè, ọmọ tí mo gbé wá ní ọmọ ọdún méjìlá ti di géńdé tó ń tẹ orí ba kó tó wọlé. N kò mọ nǹkan kan tó wà nínú orí náà mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ àwọn ìyá níbí tó jẹ́ pé ọjọ́ Mother's Day nìkan ni wọ́n ń gbóhùn ọmọ wọn. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí kò ní di àjèjì sí mi, ohunkóhun tí ìyẹn bá máa gbà mí.

Football ló gbà. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa o. Èyí tí wọ́n ń dé akoto gbá ni, tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣe ṣóńṣó lórí, ṣóńṣó nídìí. Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé wọ́n ti mú ọmọ wa sínú team university, ó ní, "Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá? Ta ló wá ń ṣe goalkeeper?" Ó fi rẹ́rìn-ín títí credit fi tán. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ ju òun náà lọ nígbà yẹn.

Ọjọ́ Sunday kan, mo ti church dé, mo bá ọmọ náà nídìí tábìlì, ó to ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹ̀wà tí mo ṣà sínú abọ́ láti sè ni. Pupa méjìlá lápá kan, funfun méjìlá lápá kejì, ó ń fi ìka tì wọ́n kiri, ó ń dá sọ̀rọ̀.

"Kí lo ń fi ẹ̀wà mi ṣe?"

"Learning my plays. We've got a test Tuesday."

Mo bọ́ gèlè, mo fa àga, mo jókòó. "Ó dáa. Kọ́ mi."

"You want me to teach you football?"

"Ṣé mo dìndìnrìn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti rí eyín ọmọ yẹn kẹ́yìn.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní èèyàn méjìlá ló ń gbá a ní Canada, pé ti America mọ́kànlá ni. Ó ní ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń fún àwọn ará America láti gbé bọ́ọ̀lù rin yard mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ìgbà mẹ́ta ni tiwa níbí. Bí ẹ bá ṣe ìgbà méjì tí ẹ kò dé ibẹ̀, ìgbà kẹta, ẹ ó kàn gbá bọ́ọ̀lù náà jìnnà fún alátakò ni. Nítorí náà ìgbà méjì péré lẹ ní lóòótọ́. "Second down is everything, Mummy," ló wí. Down ni wọ́n ń pe ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn yé mi kíákíá. Ẹni tó bá dé orílẹ̀-èdè yìí lẹ́yìn tó ti pé ọmọ ogójì ọdún mọ bó ṣe ń rí kí àǹfààní ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mi ní formation, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń dúró kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, Empty nìyẹn. Bí mẹ́ta nínú àwọn tó ń sáré gba bọ́ọ̀lù bá tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, Trips nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ tí pápá ti fẹ̀ jù ni wọ́n máa ń kó àwọn mẹ́ta yẹn sí, kí àwọn tó ń ṣọ́ wọn lè dàrú, kí ẹnì kan lè yọ́ bọ́ sí gbangba. Ọmọ mi ni ẹni inú lọ́hùn-ún nínú àwọn mẹ́ta náà. Ẹni tó sì ń pe eré, òkè ló wà, nínú yàrá onígíláàsì, ó ń fi headset bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọgbọ́n ẹni yẹn ni pé kó mú wọn dúró lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sáré bákan náà, kí alátakò rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Nígbà kẹta, ìdúró kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ìsáré á yàtọ̀. Èmi tí mo dàgbà nínú ilé olórogún, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé irú ìyẹn fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Sunday di ọjọ́ wa. Màá mú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, màá ka orúkọ formation, á fi ẹ̀wà hàn mí bí wọ́n ṣe máa dúró àti ibi tí olúkúlùkù máa sá gbà. Bí ó bá ṣì í, màá ní, "Bàbá mi, ẹni yẹn kò sí níbẹ̀," á ní "Oh shoot, you're right." Ó ti di October, inú basement tutù, àwa méjèèjì wọ ẹ̀wù òtútù nídìí tábìlì, a ń jiyàn lórí ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mummy, wò ó, the safety is gone." Safety ni ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pátápátá. Ó sọ pé "wò ó". N kò jẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́, kó má bàa dẹ́kun.

Ibẹ̀ náà ló ti sọ ti pátákó fún mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ September. Ariwo kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ra lórí pápá, nítorí náà, àwọn ọmọ mẹ́ta kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n á gbé pátákó ńlá tí àwòrán wà lára rẹ̀ sókè. Irọ́ ni méjì, òótọ́ ni ọ̀kan. Ẹni tó bá yí fìlà sẹ́yìn ló mú ti òótọ́. Àwòrán kétùlù ni Trips. Bí bàtà òjò bá wà lábẹ́ kétùlù, ọmọ mi ni bọ́ọ̀lù ń bọ̀ wá bá: á sá síwájú ní yard mẹ́jọ, á yà sí ìta lójijì, quarterback á sì ti jù ú kó tó yíjú.

"You can't tell anyone," ló wí. "Like, seriously, Mummy."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Àwọn aláìsàn mi?"

N kò sì sọ fún ẹnì kankan. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á mọ ìyẹn. Níbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan tí àbúrò rẹ̀ ń gbá football ní university mìíràn bi mí pé irú eré wo ni team ọmọ mi fẹ́ràn jù. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan, pé jersey nìkan ni mo máa ń bá a fọ̀.

Game àkọ́kọ́ tí mo lọ, mo wọ train lọ. Òòrùn wà lápá kan pápá, òjìji wà lápá kejì. Apá tí òòrùn wà ni mo lọ jókòó sí, nítorí n kò lè torí football kú sí òtútù. Ẹ̀yìn àga àwọn àlejò, ìyẹn àwọn alátakò, ni ibẹ̀ bọ́ sí. N kò ka ìyẹn sí nǹkan kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ alátakò, àwọn èèyàn wa á máa pariwo, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ lu pákó. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ tiwa, gbogbo wọn á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo wò wọ́n, mo ní irú ìyá wo nìwọ̀nyí. Ṣé ìgbà tí ọmọ ń gbé ẹrù ló yẹ kí wọ́n pa ẹnu mọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn, kétùlù jáde, bàtà òjò wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó mú un sì yí fìlà sẹ́yìn. Mo dìde. Oríkì tí ìyá mi fún ọmọ náà lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, mo fi ohùn mi gbogbo pè é, mo sì fi ti ìdílé lé e. A kì í ki ẹni tó dúró lásán. Ìgbà tí ọmọ bá fẹ́ tẹ̀ sí iṣẹ́ ni a ń kì í, kí orí rẹ̀ lè wú, kó lè rántí ọmọ ẹni tó jẹ́. Pápá dákẹ́ rọ́rọ́, ohùn mi nìkan ló ń lọ. Ó sáré, ó yà, ó hán bọ́ọ̀lù náà, wọ́n gbé e lulẹ̀, ó dìde.

Obìnrin arúgbó ará tiwa kan tó ń yá òòrùn níwájú mi, tó gbé thermos dání, yíjú padà. "We try to keep it down when our boys have the ball, hon. So they can hear each other." Mo ní "Thank you", irú thank you tí ojú kì í bá a rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò ní oríkì, kí ló fẹ́ mọ̀?

Nígbà tí a délé, mo bi ọmọ mi pé ṣé mo dójú tì í. Ó ń yọ tẹ́ẹ̀pù kúrò ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "I heard you. I hear you before I run." Ó ká tẹ́ẹ̀pù náà sọ́wọ́. "It's nice, actually." Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di wèrè. Gbogbo game tí wọ́n gbá nílé lọ́dún yẹn, mo wà níbẹ̀, lápá òòrùn, bàtà òjò kò sì jáde kí n má dìde.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wẹ̀yìn wò. Mo ti wẹ̀yìn wo ọjọ́ semi-final yẹn títí ojú fi ń ro mí. November ni, wọ́n ti gbá snow kúrò lórí pápá, ó ga ní ẹ̀gbẹ́ bí ògiri. Àwọn tó wá gbá pẹ̀lú wa ti wá síbí nígbà kan rí ní September, a sì ti nà wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Bàtà òjò jáde, mo ki ọmọ mi, ó hán an. Ó jáde lẹ́ẹ̀kejì, mo kì í, ó hán an. Ọkùnrin kan nínú àwọn coach àwọn àlejò yíjú wò mí láti ìsàlẹ̀. Mo juwọ́ sí i. Òun náà juwọ́ padà, mo ní ẹni yìí ní ìwà.

Lẹ́ẹ̀kẹta, bí mo ṣe la ẹnu, coach yẹn gbé apá kan sókè, ọmọ tó ń ṣọ́ ọmọ mi sì sún ẹsẹ̀ méjì sí ìta kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀ rárá. Mo fi ojú ara mi rí i. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ní oríkì ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti mọ ọmọ ẹni tí wọ́n fẹ́ dojú kọ. Bọ́ọ̀lù náà dé, ọmọ tó ń ṣọ́ ọ gbá a dànù. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọmọ yẹn já a gbà, ó sì gbé e sáré títí dé òpin pápá, wọ́n bá fi jù wá lọ.

Kí ni mo ṣe? Mo ní ohùn mi ni kò tó. Mo mu omi gbígbóná, mo tún ọ̀fun ṣe.

Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Second down, yard méje ló kù. Èèyàn lè bi mí pé kí ló dé tí ẹni tó wà lókè tún fi pe eré kan náà. Eré yẹn ló ti ń gbà wọ́n là láti oṣù September, ẹni náà kò sì mọ ohun tó ń bà á jẹ́. Kétùlù jáde, bàtà òjò, fìlà ti yí sẹ́yìn. Mo gun orí àga. Mo ki ọmọ mi débi tí omi fi bọ́ lójú mi. Ọmọ tó ń ṣọ́ ọ kò tilẹ̀ wò ó mọ́. Ó kàn lọ dúró síbi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀, bí ẹni tó ń dúró de train. Ó gbà á. Bí ọdún náà ṣe parí nìyẹn.

Lẹ́yìn game, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn ẹbí sọ̀ kalẹ̀ sórí pápá. Mo dúró ti ọmọ mi, mo ń fi ọwọ́ nu ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ọmọ tó já bọ́ọ̀lù náà gbà ń kọjá lọ, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tell your mom thanks, eh?"

Ọmọ mi kò tíì la ẹnu tí mo fi dáhùn. Ọmọ ọlọ́mọ ló kí mi, ṣé kí n máa wò ó ni? Mo ní, "You are welcome, my dear. Well done. God bless you." Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó sì lọ. Ọmọ mi wò mí. Títí a fi délé nínú train, ojú fèrèsé ló ń wò.

Ní Sunday, mo ń se ọbẹ̀, òun jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú laptop, ó ń wo game náà bí wọ́n ṣe fi í hàn lórí internet. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Ó jáde láti inú laptop náà, ó ga, ó mọ́ kedere, kò sí ohùn mìíràn níbẹ̀. Ó dúró. Mo tún gbọ́ ọ. Ó ń dá a padà sẹ́yìn ni. Kò pè mí. Èmi ni mo pa iná ọbẹ̀, tí mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn mi jáde, apá coach yẹn lọ sókè, ọmọ náà sún sí ìta. Ó fo iwájú. Ohùn mi jáde, apá lọ sókè, ọmọ náà sún. Ó jẹ́ kí n wo gbogbo rẹ̀.

Ẹyin lohùn, wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, mo sì rò pé àwọn olófòófó ni wọ́n ń pa á fún. Àṣírí tí mo fi pamọ́ fún gbogbo ayé, mo dìde dúró, mo ń kéde rẹ̀ létí àwọn tí kò yẹ kó gbọ́ ọ, nínú pápá tí gbogbo èèyàn ti panu mọ́ kí ohùn mi lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú tì mí lójú ọmọ tí mo bí. Mo di orí àga rẹ̀ mú, mo ní, "Ọkọ mi, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́, n kò mọ̀."

"It's okay, Mummy. You didn't know."

"Bú mi. Bínú sí mi."

"I'm not mad." Kò sì bínú lóòótọ́, mo wò ó lójú dáadáa. Ó ní òun fúnra òun máa sọ fún àwọn coach pé òun ló kọ́ ìyá òun ní àwọn àmì náà. Ó sì sọ ọ́. Kò sọ ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn fún mi títí dòní.

Sunday tó tẹ̀ lé e, mo ṣa ẹ̀wà, mo gbé e sórí tábìlì, mo ń dá ọgbọ́n bí màá ṣe mẹ́nu bà á. Ó ní òun ní assignment. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó lọ sí gym. Lẹ́yìn Christmas, mo ra ìwé kan nípa formation, mo kà á tán láàrin break níbi iṣẹ́, mo bá a sọ ọ́, ó ní "Nice." Ní May, òun àti méjì nínú team rẹ̀ lọ rẹ́ǹtì ilé kan ní Airdrie, ìlú kan tó wà lẹ́yìn Calgary. Ó ní ibẹ̀ dákẹ́ fún ìwé kíkà. Ọ̀nà tí wọ́n ń fi mọ́tò wá sí Calgary lójoojúmọ́ ló fẹ́ràn ju yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi lọ.

Nígbà tí football tún bẹ̀rẹ̀, ó pè mí. Ó ní, "You can still come, you know. Just..." Kò parí rẹ̀. Mo ní kó má ṣèyọnu, ó ti yé mi. Mo lọ. Apá òjìji ni mo jókòó sí, láàrin àwọn èèyàn wa, mo sì dákẹ́ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Pátákó jáde: àkàbà, ejò, agbòòrùn. Wọ́n ti yí gbogbo rẹ̀ padà nítorí mi. Ọmọ mi hán bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ náà, n kò sì mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ó fi mọ́tò gbé mi wálé kó tó máa lọ sí Airdrie. A sọ̀rọ̀ òtútù, a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi. Nígbà tí a dé iwájú ilé, n kò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní, "Èyí tó kẹ́yìn tó o hán, tí ẹ̀yin mẹ́ta tò sí apá kan, kí ni ẹ ń pe ìdúró yẹn?"

Trips ni. Mo mọ̀ pé Trips ni, ẹnikẹ́ni ò lè yí ìyẹn padà fún mi. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn fẹ́ kó sọ ọ́ fún mi ni.

Ó ń wo ojú ọ̀nà. "It's just football, Mummy," ló wí, jẹ́jẹ́. Kò pa engine. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbé mi, bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onítakisí, mo sì sọ̀ kalẹ̀.